Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Bí Síbí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta ọdún 2025, mo bá ọmọ mi obìnrin lẹ́yìn ilé. Aṣọ oorun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó lóṣòó sínú ìrì, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu pàkúté. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pupa, eléérú ni. Ó ń sáré yípo nínú irin náà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí a fi tàn án ti fọ́n ká sílẹ̀.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, má ṣí i o."

Kò wojú mi. Ó ní, "Tí mo bá ṣí i ńkọ́?"

Mo ní òfin kò gbà á. Òótọ́ sì ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú bá ti kó sí ọ lọ́wọ́, o ò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ padà sínú igbó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí mi ò retí lẹ́nu ọmọ ọdún méje: "Ṣé wọ́n á dá wa padà ni?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí pàkúté ṣe dé ẹ̀yìn ilé wa, kí n tó sọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Èsì mi kò dára tó, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà.

Abúlé kan nítòsí Penrith là ń gbé, ní Cumbria, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo gboyè ní Ifẹ̀, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ nílé, mo sì dé síbí lọ́dún 2016. Wọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ wà. Báyìí, nọ́ọ̀sì tó ń wa mọ́tò lọ sílé àwọn aláìsàn ni mí: egbò ẹsẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni, àwọn tó fẹ́ kú lórí ibùsùn ara wọn ni. Ilé oko ló pọ̀ jù nínú ibi tí mò ń lọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn àkọ́kọ́ láàárọ̀, màá ti rí ehoro, màá ti rí àgbọ̀nrín tó dúró sáàárín títì nínú kùrukùru tó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣìnà. Kí n má parọ́, ní gbogbo ìgbà èwe mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹran ìgbẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa ni èyí tí wọ́n ti yan, tí wọ́n fi kọ́ sára igi lẹ́bàá títì.

Ìyípadà náà pọ̀ fún wa. Àdán wà nínú òrùlé wa. Nígbà tí mo sọ fún Màámi lórí WhatsApp, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù: "Àdán! Nínú ilé tí ẹ̀ ń sùn!" Ó ní ṣé kò sí wòlíì ní gbogbo agbègbè yín ni. Mo ní òfin ló dáàbò bò wọ́n, pé a ò gbọdọ̀ lé wọn, a ò tilẹ̀ gbọdọ̀ dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Ó ní orílẹ̀-èdè tó bá jókòó ṣòfin fún àdán, òun ò ní nǹkan sọ sí i mọ́. Bàbá àwọn ọmọ, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé, òun ló ń bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fà á lórí adìẹ wa. Márùn-ún la rà. Méjì ló kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ló mú kí abúlé yìí di ilé fún wa. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí a jí níbẹ̀, lọ́dún 2020, ọ̀kan jókòó lórí ògiri òkúta lẹ́yìn ilé, ó pupa bí epo tuntun, irun ṣóńṣó yọ létí rẹ̀, ó jókòó gbagidi bí ìyálọ́jà, ó ń bó èso jẹ. Àbẹ̀kẹ́ ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó na ìka sí i, kò sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ náà ni a ti so àpótí oúnjẹ mọ́ igi.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé àwọn tó ní irú àǹfààní yẹn kò pọ̀ mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ló ni ilẹ̀ yìí láti ayébáyé. Lọ́dún 1876, ọkùnrin olówó kan tú eléérú méjì tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní Henbury, ní Cheshire. Nítorí ẹwà ni. Àwọn olówó mìíràn rí i, ó wù wọ́n, àwọn náà tú tiwọn sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń fún ara wọn lẹ́bùn. Lónìí, eléérú tó wà ní Bìrìtéènì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7. Àwọn pupa kò ju nǹkan bíi 287,000 lọ, Scotland sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, apá àríwá lọ́dọ̀ wa níbí àti àwọn erékùṣù mélòó kan ló kù.

Eléérú kì í fi eyín pa pupa o. Ó tóbi jù ú lọ, ó ń jẹ èso tí kò tíì gbó tí pupa kò lè jẹ, ebi sì ń lé pupa lọ. Èyí tó burú jù ni pé eléérú gbé kòkòrò àrùn kan lára, tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Tí ó bá ran pupa, ikú ni.

Mo ti rí i lójú ara mi. Lọ́dún méjì ṣáájú ọjọ́ pàkúté yẹn, mo lọ di egbò fún ìyá àgbà kan. Bí mo ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun wo ohun kan lábẹ́ àga nínú ọgbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ni. Ojú rẹ̀ ti wú pa. Èépá bo ètè rẹ̀ àti etí rẹ̀, ó ti ta omi sí ìka ọwọ́ rẹ̀. Kò sá fún mi. Ẹran ìgbẹ́ tí kò bá sá fún èèyàn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti parí. Ó ń gbìyànjú láti di ẹsẹ̀ àga mú kí ó lè gun òkè, àwọn ìka náà kò sì dì mọ́. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kú, mo sì mọ ìwo yẹn, ìwo ẹni tí ara rẹ̀ kò dá a lóhùn mọ́. Mo pe bàbá aládùúgbò wa, ó gbé àpótí wá, ó fi ìbọ̀wọ́ gbé e sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́ jálẹ̀, torí náà mi ò pè é ní nǹkan kan. Ẹ̀rín ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ bá a sọ. Òun ló fi tírákítọ̀ fa mọ́tò mi jáde nínú yìnyín lọ́dún tí mò ń lọ fún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ ìrora ní aago márùn-ún òwúrọ̀. Ó wà lára àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn lágbègbè wa láti máa ṣọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ pupa. Wọ́n ń ka iye wọn, wọ́n ń fọ àpótí oúnjẹ kí àrùn má bàa tàn, wọ́n sì ń dẹ pàkúté fún eléérú. Pàkúté náà kì í ṣe ẹran léṣe, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kàn máa ń pa dé ni. Ẹni tó dẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, tí pupa bá sì kó sí i, kíá ni kí ó tú u sílẹ̀. Eléérú ni wọ́n ń pa. Nígbà tó ní òun fẹ́ gbé ọ̀kan sẹ́yìn ilé wa, mo rántí ìka ọwọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ àga yẹn. Mo ní kò burú.

Ọjọ́ tó gbé e wá ni ó ṣàlàyé fún Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ó ní àjèjì ni eléérú, wọ́n ya wọ ilẹ̀ yìí ni, wọ́n ń gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, ibí yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti wá. Mo wà níbẹ̀, mo gbé ife tíì dání. Ọ̀rọ̀ náà gba etí mi kọjá lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé àjákọ tó fún wa náà. Kò dé ọ̀kan mi pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an.

Ìdí nìyẹn tó fi béèrè ohun tó béèrè. Lọ́dún tó ṣáájú, físà àbúrò ọkọ mi parí, ó padà sí Èkó, a sì ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù fún oṣù mélòó kan bí ẹni pé ọmọdé kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ o. Àwọn tí a fẹ́ kó kọ́ èdè, ibi tí a kò fẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Mo dá a lóhùn. Mo ní, "Rárá, kò sẹ́ni tó máa dá wa padà. Èèyàn ni wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ọ̀kẹ́rẹ́. Àjèjì sì ni eyí."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n bí i síbí."

Ẹ wò ó, mi ò rí nǹkan fèsì. Láti 1876 dé 2025, ẹ bá mi ṣírò iye ìran ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti kọjá. Èyí tó wà nínú irin yẹn kò mọ Amẹ́ríkà. Ìyá ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ "wọ́n bí i síbí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé wa. Carlisle ni a bí Àbẹ̀kẹ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lè rò pé ó parí síbẹ̀, pé ọmọ tí a bá bí sílẹ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Láti ìgbà tí òfin ọmọ-onílẹ̀ ti ọdún 1981 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, tí bàbá tàbí ìyá kò bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́, ọmọ tí wọ́n bí kò di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ ìbí. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni Àbẹ̀kẹ́ ní, pẹ̀lú físà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Ọdún 2022 ni a tó gba ìwé tiwa, tí a sì san owó tó lé ní 1,000 pọ́n-ùn láti fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé. Mo tún wá rí i, nígbà tí mo ń wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, pé ọdún 1981 kan náà ni wọ́n ṣe òfin tó dáàbò bo pupa, tó sì sọ títú eléérú sílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò ní ìtumọ̀ tí mo fẹ́ fún un. Ó kàn yà mí lẹ́nu pé àwọn kan náà ló jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ kan náà, wọ́n ń pinnu ẹni tó jẹ́ onílé láàárín ọmọ ènìyàn àti láàárín ẹran.

Ní ti ìdílé wa, kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ dúró sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Tàmálè, ní àríwá Gánà, ni wọ́n bí Màámi sí. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tàmálè títí ó fi kú, bá ọkọ lọ síbẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta aṣọ lọ́jà. Àwọn ará ilé wa pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Màámi. Ohun tó máa ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ni. Ó ní wọ́n wá ra ẹrù wọn lówó pọ́ọ́kú: ìkòkò, àga, bọ́ńdù aṣọ. Wọn kò burú o; àwọn kan ń sunkún bí wọ́n ṣe ń ka owó. Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe ń sọ Yorùbá. Ọmọ Gánà ni wọ́n ń pè é.

Ìtàn yìí, gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọn kì í sábà sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí, gbogbo wa la mọ orúkọ tí wọ́n fún un. Ní òpópónà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ará Gánà kan wà tó ń ránṣọ. Ìyá Tàmálè ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Màámi ní owó tó san kò tó ìdá mẹ́ta iye tó yẹ. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Òun ló san owó ilé ìwé olùkọ́ni fún Màámi, òun ló sì rán aṣọ funfun tí mo kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù.

Nígbà tí mo wà ní Ifẹ̀, mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Ìyá, ṣé kò ṣe yín bákan nígbà tẹ́ ẹ̀ ń rà á?" Ó wò mí, ó pẹ́. Ó ní, "Bí mi ò bá rà á, ta ni ì bá rà á?" Ó sì ní kí n lọ gbé omi kaná.

Mo ti ń ro èsì yẹn láti ọdún yìí wá. Ẹni tí wọ́n lé mọ̀ bí ó ti rí, kò sì dá a dúró. Ohun tó mú kí àṣẹ méjèèjì yẹn burú lójú mi ni pé wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí lo ṣe. Ibi tí o ti wá nìkan ni wọ́n béèrè. Ohun tí mo sì sọ fún ọmọ mi lẹ́bàá pàkúté nìyẹn gan-an. Mo ní àjèjì ni. Mo fi í ṣe ìdí ikú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òótọ́. Tí ó bá jẹ́ pé ibi tí ẹran ti wá ló ń pa á, ehoro tó kún oko nibi kò ní ṣẹ́ kù, torí wọ́n kó o wá láti òkèèrè ni. Ẹyẹ pheasant ńkọ́, tó dà bí àparò tó wọ aṣọ òde? Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá, ọdọọdún sì ni wọ́n ń tú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ sínú igbó kí àwọn olówó lè rí ẹyẹ yìnbọn sí. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní àjèjì. Àgbàdo tí a fi dẹ pàkúté náà, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ̀pà náà bẹ́ẹ̀, ẹ sì lọ sọ fún ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé àjèjì ló ń tà.

Nílé, ewé kan wà tó yá gbogbo oko, tí kò jẹ́ kí irúgbìn mí. Láti Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Ìgbà òṣèlú ló gba oko kan, wọ́n sì fi orúkọ olóṣèlú pè é. Ewé Awólọ́wọ̀ là ń pè é nílé wa. Ìgbà tí mo dé Ifẹ̀ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, mo sì bínú, torí ọmọ ìlú wa ni Akíntọ́lá. (Ó hàn pé kálukú ń fi orúkọ ẹni tí kò fẹ́ pe ewé tí kò fẹ́.) Àgbẹ̀ tó bá rí i, á fi àdá gé e títí dé gbòǹgbò. Tí àdá yẹn bá sì ṣá a lẹ́sẹ̀, ewé kan náà ni yóò rún sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Kò sí ìgbà kankan nínú méjèèjì tó ń béèrè ibi tí ewé ti wá. Ohun tí ewé ń ṣe ló ń wò.

Bí a ṣe kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn. Kòkòrò kan wà tí à ń pè ní MRSA, ó lè wà nínú imú èèyàn fún ọdún mélòó kan láìṣe é ní nǹkan kan. Tí ó bá dé ojú egbò ẹlòmíì, ó lè pa á. Nígbà tí a bá rí i lára aláìsàn, a máa ń gbé e sí yàrá ọ̀tọ̀, a máa ń wọ ìbọ̀wọ́, a ó fún un ní ọṣẹ pàtàkì. Àmọ́ a kì í sọ pé ó ṣẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe orúkọ burúkú mọ́ ẹni tó gbé kòkòrò, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Eléérú gbé kòkòrò. Kò mọ̀, kò sì jẹ̀bi.

Mo mọ ibi tí àfiwé mi ti ṣẹ́. Ẹ ti rí i kí n tó sọ ọ́: a kì í pa ẹni tó gbé MRSA. Yàrá ọ̀tọ̀ wà fún èèyàn. Fún eléérú, kò sí yàrá, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tí wọ́n ń lò fún pupa. Wọ́n ń ṣèwádìí oògùn tí kò ní jẹ́ kí eléérú bímọ. Lọ́jọ́ tí ó bá dé, èmi ni màá kọ́kọ́ gbé pàkúté padà fún bàbá. Títí dìgbà náà, tí mo bá káwọ́ gbera, mo ti yàn. Mo ti yan ọ̀kẹ́rẹ́ abẹ́ àga, ìkejì rẹ̀, àti èyí tó jókòó lórí ògiri wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ikú wọn kò kàn ní ṣẹlẹ̀ lójú mi ni.

Torí náà mi ò ní kí wọ́n gbé pàkúté kúrò. Ohun tí mo gbà ni pé a lè pa ẹran nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran mìíràn, kí ó sì dùn wá bí a ṣe ń pa á. Mi ò gbà pé a lè pa á nítorí pé kì í ṣe ará ibí. Ẹnìkan lè ní ìyàtọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀ fún ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà nínú irin? Kò sí. Ìyàtọ̀ náà wà fún ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń gbọ́ ìdí tí a sọ, tí yóò sì gbé ìdí yẹn lọ sí ilé ìwé, lọ sí ibi ìdìbò lọ́jọ́ iwájú. Ìdí tí a bá fi kọ́ ọmọdé lára ẹran, kì í dúró lára ẹran.

Mo padà lọ lóṣòó tì í. Mo ní, "Mọ́mì ṣì sọ. Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ àjèjì. Wọ́n bí i síbí bí wọ́n ṣe bí ọ síbí, kò sì ṣe nǹkan burúkú kankan. Àrùn tó wà lára rẹ̀ ló ń pa àwọn pupa, a ò sì ní oògùn rẹ̀."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Nítorí náà kò tọ́ sí i."

Mo ní, "Kò tọ́ sí i."

"Ẹ ṣì máa pa á."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára irin. Kí n má fi ṣe bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn sí mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí bàbá aládùúgbò dé, ó da aṣọ bo pàkúté kí ọkàn ẹran náà lè balẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé e lọ sí gáréèjì rẹ̀. Ìbọn kékeré tó ń fi atẹ́gùn ta ọta ló ń lò; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Àbẹ̀kẹ́ dúró sójú fèrèsé, ó gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí n mú un kúrò níbẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá bàbá yìí, mo rẹ́rìn-ín bí ìṣe mi, mo sì sọ fún un ohun tí ọmọ mi béèrè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, òun ò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Mo ní mo mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí kò dúró bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, ó kàn ń juwọ́ láti òkèèrè. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ó wá gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà wá lọ́jọ́ kan, ó sì pe Àbẹ̀kẹ́ láti wá bá òun ka iye ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó wà nínú igbó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́rin ni wọ́n rí. Àbẹ̀kẹ́ ní ìwé kékeré kan báyìí tó ń kọ wọ́n sí, ojú ewé kan fún pupa, ojú ewé kejì fún eléérú tí a ti pa. Òun ló ní kí a máa sọ fún òun nígbàkúùgbà tí ọ̀kan bá kó sí pàkúté. Mẹ́ta ló wà lójú ewé yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ ìkẹta sí i, mo pe Màámi. A sọ̀rọ̀ nípa ọjà, nípa iná, nípa eékún rẹ̀. Mo wá bi í pé kí ni orúkọ aránṣọ ará Gánà yẹn, èyí tí Ìyá Tàmálè ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Mo ní èyí tó wà ní òpópónà wa. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó ní òun rántí ojú rẹ̀, òun rántí pé ó ní ọmọ obìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń ta ayò, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá náà kò wá sí òun lẹ́nu. Ó ní òun á bi ẹ̀gbọ́n òun ní Ìlọrin. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí. A ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ìgbà mẹ́wàá, kò sì tíì dárúkọ rẹ̀.